Mílíìkì Àwọn Jórinjórin

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyá mi ńkọ́? Èmi náà wà bí mo ṣe wà, ọmọ yín tó sanra díẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti sanra.

Ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ tó ka èyí. Wọ́n ti gbé mi kúrò níbi tí mo ti ń di ẹrù sínú páálí. Yàrá ìyẹ̀fun ni mo wà báyìí. Kì í ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì o. Irin ni wọ́n lọ̀ tó kúnná ju àtíkè lọ, nikẹ́lì ni wọ́n ń pè é. A ń fi ìbọn kan tó ń tu iná jáde fọ́n ọn sára àwọn irinṣẹ́ ńláńlá kí wọ́n má baà dógùn-ún. Aṣọ funfun ni wọ́n fún wa, láti ọrùn dé kókósẹ̀. Mo fi fọ́tò kan sínú àpòòwé yìí. Tí ẹ bá wò ó láti òkèèrè, dókítà ni. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé mo wọ aṣọ náà sódì, àpò rẹ̀ wà nínú.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kò sí eruku. Mo fi ìka nu orí tábìlì, ìka mi mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tiyín, tí èèyàn bá wọ aṣọ funfun wọlé, dúdú ló máa wọ̀ jáde. Ìbòmú kan wà tí wọ́n ní ká máa lò. Rọ́bà ni, ó ní agolo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí mo bá wọ̀ ọ́, mo jọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wá nǹkan. Ó ń mú ooru, okùn rẹ̀ sì ń gé mi létí. Ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò lò ó rárá, torí orin ló ń kọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ìbòmú kọrin. Olórin la ń pè é. Èmi náà ti gbé tèmi kọ́ sára ìṣó. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ń pariwo lé wa lórí, àmọ́ kí ló fẹ́ kí n máa bo imú fún níbi tí eruku ò sí?

Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń jó irin, mi ò rántí pé mo rí ìbòmú kankan nímú yín. Kí lẹ ń lò?

Ọmọ yín,
Dókítà tó wọṣọ sódì


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun. Mo ní kó wo fọ́tò.

Fọ́tò náà ti rìn ju èmi lọ. Bàbá Télọ̀, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa, rí i, ó ní, "Ọmọ rẹ ti di dókítà?" Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn wúkọ́ bí àgbà, mo gba fọ́tò mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé dókítà ni ọ́, pé ọwọ́ rẹ ni gbogbo nikẹ́lì ilẹ̀ ibẹ̀ wà. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi ba ayọ̀ àwọn èèyàn jẹ́?

Ó wá ku ibi tí o ti ṣẹ̀ mí. Ìwọ ọmọ jórinjórin, ìwọ lò ń bi mí pé kí ni mò ń lò! Nígbà tí o wà ní kékeré, ta ni mo máa ń rán lọ ra mílíìkì alágolo kí n tó pa iná nírọ̀lẹ́? Ṣé o rò pé tíì ni mò ń pò ni? Mílíìkì ló ń fọ àyà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lé mi lọ́wọ́, ọ̀gá tiẹ̀ ló fi lé òun náà lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi láìmu tiẹ̀. Èéfín irin yòówù kí o fà símú, mílíìkì á wọ́ ọ jáde. Àwọn tí kò ní ọ̀gá ló ń wọ ìbòmú.

Agolo kan láàárọ̀, agolo kan nírọ̀lẹ́. Má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà ọ́. Má sì fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ o, ìwọ ọmọ yìí. Mo ti sọ̀rọ̀ jù, kò sí bí mo ṣe lè kó o padà sẹ́nu mọ́.

Bàbá rẹ,
Jórinjórin Àgbà


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ ní mo ń jẹun, mo sì ń mu.

Mo ń mu mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo da agolo kan sọ́fun nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí akọni. Kò pẹ́ tí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Aṣọ funfun yẹn, Bàbá, síìpù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, tí ara bá ń kán èèyàn, kì í tètè ṣí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé aṣọ mìíràn ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, Ìkókó ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Tí mo bá ti yọjú, Olórin á bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀gá wa pàápàá bi mí bóyá mo ti ń hu eyín. Mo fara dà á. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, àyà tèmi mọ́ tónítóní.

Àmọ́ ikọ́ kan mú mi. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò mú nǹkan kan jáde. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé, mo máa ń dúró ní àjà kejì bí ẹni tó ń wo ìta lójú fèrèsé. Mo ti wo ìta náà débi pé mo mọ gbogbo aṣọ tí obìnrin ilé òdìkejì ní. Olórin náà ń wúkọ́. Ó ti dín orin kù. Ó ní kí èmi máa lé e, kí òun máa gbè é. Ẹ sì mọ ohùn mi.

Nọ́ọ̀sì wá kó wa jọ. Ó ní ibi tí a ti ń tan ara wa jẹ nìyẹn, pé eruku tí ojú ń rí, imú lè dá a dúró, ikọ́ sì lè tì í jáde. Èyí tó kéré jù fún ojú láti rí, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ ló ti máa ń bá èèyàn jà. Ó ní tábìlì tó mọ́ ò ní kí afẹ́fẹ́ mọ́.

Ó wá kọ́ wa ní eré kan. Ẹ ṣá ìṣáná, ẹ nà án síwájú ẹnu, kó jìnnà sí ẹnu tó bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe gùn, ẹ ya ẹnu sílẹ̀ dáadáa, ẹ má ṣù ètè jọ o, kí ẹ wá fẹ́ ẹ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá gbà á, á pa iná náà. Mo pa tèmi, àmọ́ mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ti Olórin ò kú àfi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò, Bàbá, kí n lè rí nǹkan fi dá nọ́ọ̀sì wa lóhùn. Tí ẹ bá pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ṣe tán láti máa mu mílíìkì títí màá fi máa ké bíi màlúù.

Ọmọ yín,
Ìkókó


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ilé wà dáadáa.

Èmi, ọkùnrin tó ti ń bá iná ṣeré kí wọ́n tó bí ọ, èmi lò ń rán pé kí n máa fẹ́ ìṣáná? Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi. Àga irin ilé ìwé kan la ń ṣe lọ́wọ́.

Òtútù ló fa ikọ́ rẹ. Inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń fọ̀ ọ́ ni. Àbí o fẹ́ kí ìdọ̀tí jáde, kó má sì gba ibì kankan kọjá? Nọ́ọ̀sì yín yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ti fọwọ́ kan irin gbígbóná rí?

Bàbá Télọ̀ ń kí ọ. Ó ní tí o bá dé, kí o bá òun wo ẹsẹ̀ kan tó ń dun òun. Mo ní wàá wò ó. Ṣé o rí ohun tí o kó mi sí? Jọ̀wọ́, má dójú tì mí.

Bàbá rẹ


Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò ní kí yín pẹ́ lónìí, ẹ foríjì mí.

Olórin ṣubú. Ó dìde láti lọ mu omi, ó di ògiri mú, ètè rẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tó jẹ èédú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo lọ wò ó níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an là ń ṣe, torí ọkọ òun máa ń sọ pé iṣẹ́ mímọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ mímọ́ ni. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Dókítà ní kí gbogbo àwa tó wà nínú yàrá yẹn wá ṣe àyẹ̀wò. Ojúlówó dókítà ni, kò wọṣọ sódì. Ó fetí sí àyà mi lẹ́yìn àti níwájú, ó ní òun ń gbọ́ fèrè níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fi ń dáàbò bo ara mi. Bàbá, mo nàró, mo ní mílíìkì ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo tiẹ̀ fi kún un pé alágolo ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi. Ó ya ihò ọ̀fun méjì sórí ìwé, ọ̀kan ń lọ sí ikùn, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní, "Mílíìkì rẹ ń gba ibí, nikẹ́lì ń gba ọ̀hún. Wọn ò pàdé rí. Ọjọ́ tí mílíìkì bá dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ, òun gan-an ló máa pa ọ́."

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Gbogbo oṣù tí ìbòmú fi wà lórí ìṣó, agolo ni mò ń gbá mọ́ra, torí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Tí wọ́n bá sì ń wá òmùgọ̀ tó máa gba àmì ẹ̀yẹ, kí wọ́n má lọ jìnnà. Wọ́n kọ́ wa ní ihò ọ̀fun méjì yẹn nílé ìwé. Èmi ni mo yà á sójú pátákó, tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n lè gbé mi kúrò nínú yàrá náà. Ẹnu géètì ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ, kí n máa ṣí i fún ọkọ̀ ẹrù. Owó ibẹ̀ kéré, aṣọ ibẹ̀ kì í sì í ṣe funfun. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Dókítà ní tí mo bá pẹ́ sí i nínú yàrá yẹn, àyà mi ò ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Mo ti ń wọ ìbòmú báyìí, àmọ́ mo ṣì ń wọlé, torí ojú yín, torí Bàbá Télọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, tó ń dúró kí bàbá rẹ̀ fún un láṣẹ kó tó mí! Ẹ dáhùn, Bàbá. Ṣé kí n kúrò?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé lẹ́tà mi ò dé ni? Mo ti pe fóònù títí. Ìyá mi ló ń gbé e ṣáá. Wọ́n á ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, wọ́n á ní ẹ wà ní balùwẹ̀. Ìwẹ̀ wo lẹ ń wẹ̀ bẹ́ẹ̀? Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi. Mo mọ bí ẹ ṣe ń búni, ó máa ń tù mí lára. Dídákẹ́ yín ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á.

Olórin kú ní ọjọ́ Ẹtì. Mo wá àwàdà tí màá fi kọ ọ́, mi ò rí.

Mo ṣì ń wọ yàrá náà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà

Ọkọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí, bàbá rẹ ò mọ̀. Kí lo kọ sí ọkùnrin yìí? Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ló ti ń ṣá ìṣáná kiri ilé. Ó ń ṣá a ní yàrá, ó ń ṣá a lẹ́yìnkùlé, á ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ṣé iná lẹ fẹ́ jẹ ni?" Ó tún ṣá òmíràn. Ó ti jó àtàǹpàkò rẹ̀. Mo kó gbogbo ìṣáná ilé pa mọ́ sínú àpótí aṣọ mi, ó lọ yá ti Bàbá Télọ̀. Lánàá, àwọn méjèèjì jọ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà tó wọlé, ó kọjú sí ògiri.

Kò mu mílíìkì ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Dákun, má fi èyí ṣàwàdà. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ṣé o sì ń jẹun?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo ń jẹun.

Ọjọ́ tí oṣù parí gan-an ni lẹ́tà yín dé. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kà á, níbi tí mo ti máa ń sinmi. Ìṣáná yẹn, bí wọ́n ṣe ń fi wo agbára àyà ni. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tí Bàbá ń wá, mo sì mọ̀ pé wọn ò rí i. Mo padà sísàlẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá, mo fọwọ́ sí ìwé pé mo gba iṣẹ́ ẹnu géètì. Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹnu géètì ni mo wà báyìí. Wọ́n ní iṣẹ́ tó rọrùn jù nílé iṣẹ́ yìí nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ̀ mí. Ọkọ̀ ẹrù àkọ́kọ́ dé, mo ṣí géètì fún un láìbéèrè ìwé, mo juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà bí ẹni pé ìbátan mi ni. Ọkọ̀ kejì, ti ọ̀gá àgbà ni, mo ti géètì mọ́ ọn síta, mo tún ní kó fi ìwé hàn mí. Àmọ́ afẹ́fẹ́ wà níta, ikọ́ náà ti ń rọlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì fi dókítà wọn yangàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kàn bá mi mú wọn lọ sílé ìwòsàn, ẹ má gbà fún wọn tí wọ́n bá kọ̀.

Ọmọ yín,
Onígéètì


Ogúnjọ́, oṣù keje

Ọmọ mi,

O mọ ìyá rẹ. Kò tíì ka lẹ́tà rẹ tán tó fi ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ó ti kúrò! Ó ti ń ṣí géètì! Ó ní kí n má sọ!"

Jẹ́ kí n sọ ti ìṣáná fún ọ fúnra mi. Mo kọ́kọ́ sọ pé ìṣáná náà ni kò dáa, mo ra irú mìíràn. Mo ní afẹ́fẹ́ ló ń dí mi lọ́wọ́, mo ti fèrèsé. Mo ní ẹnu mi ló gbẹ, mo mu mílíìkì lé e, mo tún fẹ́ ẹ. Iná yẹn ò tiẹ̀ mì. Ó jó títí ó fi kan ọwọ́ mi, mi ò sì ju ìṣáná náà nù, torí agídí. Mo wá pinnu pé irọ́ nọ́ọ̀sì ni, pé kò sí ẹni tó lè pa á. Mo pe Bàbá Télọ̀, ẹni tó ti ń rán aṣọ kí n tó mọ ìdí irin, tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ya ẹnu tí eyín ò pé, ó ṣe "hà". Iná kú. Ó bi mí pé, "Ṣé ohun tó ń dà ọ́ láàmú látìjọ́ nìyẹn?"

Mo lọ sílé ìwòsàn kí ìyá rẹ tó fà mí lọ. Àyà mi ti bàjẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ní oògùn máa tù ú, kò ní tún un ṣe. Mo jókòó síta níbẹ̀, mo ń rántí àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan kú, a ní ọtí ló pa á. Èkejì kú, a ní ayé ló ṣe é. Kò sí èyí tí kò mu mílíìkì nínú wọn.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ara tèmi kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo rántí pé ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́ sí ọ pé àwọn tí kò ní ọ̀gá ló ń wọ ìbòmú. Mo fẹ́ kọ̀wé pé kí o sá kúrò níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ bí jórinjórin àgbà ṣe ń sọ pé òun ò mọ̀. Ká ní o dúró dè mí ni, ǹ bá ti fi fọ́tò pa ọmọ mi. O ṣeun tí o kò gbọ́ tèmi.

Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe dókítà, géètì ló ń ṣí, ó sì ń mí. Bàbá Télọ̀ ní, "Ta ló wá máa wo ẹsẹ̀ mi?" Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹni tí kò bá bo imú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná mi. Àwọn ọmọṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó tọ́ sí mi. Wọ́n ti ń bo imú báyìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ìgbà tí o ń pè yẹn, mi ò sí ní balùwẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni mo jókòó sí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti lè sọ gbólóhùn kan dé òpin láì sinmi, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ. Nínú lẹ́tà, tí mo bá gbé bírò sílẹ̀ láti mí, o ò lè mọ̀. Mo ti gbé e sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú èyí tí ò ń kà yìí.

Ó ti sú mi. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni màá gbé e. Tí o bá gbọ́ tí mo dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, má gé fóònù o, má sì bá mi parí ọ̀rọ̀ náà. Mò ń mí ni. Dúró dè mí.

Bàbá rẹ